TÍTÚN BỌ́Ọ̀LÙ TÒ: ÒFIN ERÉ STRAIGHT POOL ÀTI ẸJỌ́ TÍ Ó WÀ NÍLẸ̀ LÁÀRIN WA

   

ÌFÁÀRÀ

Nígbà tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lónìí, àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni n óò sọ, nítorí pé iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn mìíràn rò pé ọ̀rọ̀ èdè àti àṣà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ tábìlì tí ó wà ní igun gbọ̀ngàn wa yìí ni mo fẹ́ sọ.

Gbogbo wa la mọ tábìlì náà. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà ló fi ta wá lọ́rẹ, kí àwọn ọ̀dọ́ wa lè rí nǹkan ṣe ní ìrọ̀lẹ́ dípò kí wọ́n máa jókòó sí ilé ọtí. Nígbà tí ó wá sílé, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn ní eré tí wọ́n ń pè ní straight pool. Tábìlì yìí ti wà lábẹ́ tapólì láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Kò bàjẹ́. Aṣọ rẹ̀ kò ya. Ìjà ló sé e mọ́lẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí, fún àwọn tí kò sí nílé. Àwọn ọmọkùnrin wa méjì kan ń gbá a, n kò ní dárúkọ wọn. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ní póìntì 100 ni yóò borí. Ọ̀kan ní 71, èkejì ní 69. Ẹni tí ó ní 71 ló wà lórí tábìlì. Ó gbá bọ́ọ̀lù kẹrìnlá wọlé, ó ku bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, bọ́ọ̀lù náà sì jókòó gan-an sí ibi tí a máa ń gbé férémù onígun mẹ́ta sí. Ọ̀kan ní kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù yẹn lọ sí òkè tábìlì, kí òun máa gbá a lọ. Èkejì ní irọ́ ni, gbogbo bọ́ọ̀lù 15 ni kí wọ́n tún tò, kí òun sì wá gbá tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìjà. Kí àgbà tó dé, ọwọ́ ti gbá gbogbo bọ́ọ̀lù kúrò lórí tábìlì. Láti ọjọ́ náà, àwọn ìyá méjì tí wọ́n jọ ń lọ sí ọjà Mile 1 kì í kí ara wọn mọ́. Àwọn kan sì ti dábàá ní ìpàdé pé kí a kúkú ta tábìlì náà, kí oníkálukú sinmi.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti ìwé òfin eré náà, tí mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà kí a wá dá ẹjọ́ náà.

ERÉ TÍ A MỌ̀ ÀTI ERÉ TÍ A KÒ MỌ̀

Ní Port Harcourt níbí, bí ẹ bá gba Diobu kọjá ní ìrọ̀lẹ́, tàbí tí ẹ yà sí Rumuokoro, ẹ óò rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n rọ̀gbà yí tábìlì kékeré kan ká lábẹ́ ìbòòrùn. Snúkà ni gbogbo wa ń pè é, ṣùgbọ́n pool ni eré tí wọ́n ń gbá níbẹ̀. Snúkà gan-an ni èyí tí àwọn òyìnbó amúnisìn ń gbá ní kílọ́ọ̀bù wọn. Ní ìlú Jabalpur ní Íńdíà ni àwọn ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1875. Ibi tí wọ́n bá lọ ni wọ́n ń gbé e lọ, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Ikoyi Club ní Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1938, ní ẹ̀ka tirẹ̀ fún snúkà títí di òní.

Mo mẹ́nu ba ìwọ̀nyí nítorí pé ibi tí àwọn eré yìí ti yàtọ̀ síra ni ibi tí ìjà wa ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè náà ni pé, nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń tán lórí tábìlì, kí ni kí a ṣe?

Nínú pool tí a ń gbá ní àdúgbò, bí ẹnì kan bá ti gbá bọ́ọ̀lù dúdú wọlé bí ó ti yẹ, eré ti parí. A óò tún gbogbo rẹ̀ tò, eré tuntun bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó kọjá ti kọjá.

Nínú snúkà, bọ́ọ̀lù 22 ló wà lórí tábìlì: pupa 15, aláwọ̀ mìíràn 6, àti funfun kan. Bí pupa bá wọlé, kò padà mọ́. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí pupa bá ṣì wà nílẹ̀, aláwọ̀ mìíràn tí ó bá wọlé yóò padà sí orí àmì tirẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù mìíràn bá ti jókòó sí àmì rẹ̀ ńkọ́? Òfin ti sọ ọ́: kí a gbé e sí àmì tí ó níye lórí jù lọ nínú àwọn tí ó ṣófo. Kò sí ẹni tí yóò béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan pé níbo ni ó wù ú.

Straight pool yàtọ̀ sí méjèèjì. Bọ́ọ̀lù ń tán, ṣùgbọ́n eré kì í parí, póìntì kì í nù, ipò ẹni tí ó ń gbá kì í sì í yí padà. Ẹni tí ó bá ti mọ pool àdúgbò lámọ̀dunjú, tí ó wá débi straight pool, yóò fi òfin ti àkọ́kọ́ ṣe ìdájọ́ ti èkejì. Mo rò pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa nìyẹn.

BÍ ERÉ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní Amẹ́ríkà ni straight pool ti ṣẹ̀. Ṣáájú 1910, eré kan wà níbẹ̀ tí ó jọ ọ́. Nínú ìyẹn, a óò gbá gbogbo bọ́ọ̀lù 15 tán pátápátá, lẹ́yìn náà a óò tún gbogbo wọn tò. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò tú bọ́ọ̀lù tuntun ká, nítorí pé ẹni tí ó bá tú u lè ṣe é kí ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu fún alátakò rẹ̀. Bí ẹ̀rù ṣe ń ba eléyìí ni ẹ̀rù ń ba tọ̀hún, eré sì ń fà.

Ní 1910, ògbóǹtarìgì eléré kan tí ń jẹ́ Jerome Keogh mú àbá kan wá: kí a má gbá gbogbo rẹ̀ tán. Bí 14 bá ti wọlé, kí a dá ọwọ́ dúró, kí bọ́ọ̀lù kan ṣẹ́ kù síbi tí ó wà, kí a tún 14 yòókù tò. Ẹni tí ó ń gbá yóò wá gbá èyí tí ó ṣẹ́ kù yẹn wọlé, bọ́ọ̀lù funfun yóò sì ti ibẹ̀ ya wọ àárín àwọn 14 náà, yóò tú wọn ká. Mẹ́rìnlá àti ọ̀kan. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pe eré náà ní fourteen-one. Ìyẹn nìkan ni àtúnṣe tí ó ṣe, ó sì yí eré náà padà pátápátá. Láti 1912 ni wọ́n ti ń fi òfin yìí díje fún ipò olúborí àgbáyé.

Ẹ wo ohun tí bọ́ọ̀lù kan tí ó ṣẹ́ kù lè ṣe. Ní 1954, ní ìlú Springfield ní Ìpínlẹ̀ Ohio, Willie Mosconi gbá bọ́ọ̀lù 526 wọlé tẹ̀ léra wọn láìtàsé ẹyọ kan. Bí a bá fi 14 pín in, a óò rí i pé ìgbà 37 ni wọ́n tún bọ́ọ̀lù tò fún un kí ó tó tàsé. Ọdún 65 kọjá kí a tó gbọ́ pé John Schmidt kọjá rẹ̀ pẹ̀lú 626, ní 2019. Lẹ́yìn ìyẹn, ní 2022, Jayson Shaw, ọmọ Scotland, gbá 714. Ìyẹn jẹ́ 14 lọ́nà 51 géérégé. Kò sí ìkankan nínú èyí tí ì bá ṣeé ṣe bí ó bá jẹ́ pé nígbàkígbà tí tábìlì bá tán, ipò yóò bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń gbá.

ÒFIN GAN-AN

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ orúkọ àwọn ibi tí a óò máa dárúkọ. Tábìlì náà gùn, ó ní ihò 6. Bí a bá pín gígùn rẹ̀ sí mẹ́rin, àmì kan wà ní ìdá kan sí òpin ìsàlẹ̀. Orí rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù tí ó ṣáájú nínú férémù máa ń jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní àmì ìsàlẹ̀. Àmì kan wà ní ìdá kan sí òpin òkè, a óò pè é ní àmì òkè. Ìlà tí ó gba orí àmì òkè yìí kọjá láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ ni ìlà òkè. Àmì àárín sì wà ní àárín gbùngbùn. Ibi tí férémù máa ń jókòó sí ni a óò pè ní àyè férémù. Bọ́ọ̀lù kan tí ó kù, ẹ jẹ́ kí a pè é ní àṣẹ́kù.

Nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù 15 ni a ń tò ní ìlà 5: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Kí eléré tó gbá, yóò dárúkọ bọ́ọ̀lù tí ó fẹ́ gbá àti ihò tí yóò wọ̀. Bí ó bá wọ ibẹ̀, póìntì kan. Bí òmíràn bá bá a wọlé, ìyẹn náà jẹ́ póìntì kan. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ sí òfin, bí ó ti gbá bọ́ọ̀lù funfun sínú ihò, yóò pàdánù póìntì kan, ipò yóò sì kan ẹnì kejì.

Bí 14 bá ti wọlé, eré yóò dúró díẹ̀, a óò tún bọ́ọ̀lù tò. Orí àmì ìsàlẹ̀ yóò ṣófo, nítorí pé àṣẹ́kù ni ì bá wà níbẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni ibi tí àṣẹ́kù àti bọ́ọ̀lù funfun bá dúró sí. Ìwé òfin ti ro gbogbo ọ̀nà tí ó lè gbà ṣẹlẹ̀. Mo ti pa wọ́n pọ̀ sí márùn-ún.

Èkíní: bí àṣẹ́kù àti funfun bá wà ní ìta àyè férémù. Ẹ má fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn. Ẹ to 14, kí ó máa gbá a lọ.

Èkejì: bí àṣẹ́kù bá wà nínú àyè férémù, tí funfun wà ní ìta. Ẹ gbé àṣẹ́kù lọ sí orí àmì òkè, kí funfun wà níbi tí ó wà. Bí ó bá ṣe pé funfun ló ti jókòó sí orí àmì òkè, ẹ gbé àṣẹ́kù sí àmì àárín.

Ẹ̀kẹta: bí funfun bá wà nínú àyè férémù, tí àṣẹ́kù wà ní ìta. Àṣẹ́kù kò ní kúrò níbi tí ó wà. Bí kò bá sí lẹ́yìn ìlà òkè, ẹni tí ó ń gbá yóò mú funfun lọ́wọ́, yóò gbé e síbi tí ó wù ú lẹ́yìn ìlà náà. Bí àṣẹ́kù bá wà lẹ́yìn ìlà òkè, orí àmì òkè ni a óò gbé funfun sí. Bí àṣẹ́kù fúnra rẹ̀ bá sì wà lórí àmì òkè, a óò gbé funfun sí àmì àárín.

Ẹ̀kẹrin: bí méjèèjì bá wà nínú àyè férémù. Gbogbo bọ́ọ̀lù 15 ni a óò tún tò, ẹni tí ó ń gbá yóò sì mú funfun lọ́wọ́ lẹ́yìn ìlà òkè.

Ẹ̀karùn-ún: bí ìkẹrìnlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún bá jọ wọlé nígbà kan náà. Méjèèjì ní póìntì. A óò tún gbogbo 15 tò. Funfun yóò wà níbi tí ó dúró sí, àfi bí ó bá wà nínú àyè férémù, nígbà náà yóò di ẹ̀yìn ìlà òkè.

Ẹ kíyè sí ohun kan tí kò yí padà nínú márààrún: ẹni tí ó ń gbá náà ni yóò máa gbá a lọ. Títún bọ́ọ̀lù tò kì í gba ipò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àṣìṣe tàbí ẹ̀ṣẹ̀ sí òfin ló ń gba ipò. Títún-bọ́ọ̀lù-tò lè jẹ́ ìjìyà bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ sí òfin ní ẹ̀ẹ̀mẹta léra wọn. Póìntì 15 mìíràn ni yóò pàdánù, a óò tún gbogbo bọ́ọ̀lù tò, òun náà ni yóò sì tú u ká bíi ti ìbẹ̀rẹ̀ eré.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nípa òfin, òun ló sì ṣe pàtàkì jù fún wa. Báwo ni a ṣe máa mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù wà nínú àyè férémù tàbí ní ìta? Ojú lè tan ni. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí férémù ká sórí aṣọ tábìlì pẹ̀lú pẹ́ńsù kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí ó bá wọ inú ìlà tí kò sì jẹ́ kí férémù jókòó dáadáa, inú ni ó wà. Ìlà náà ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò ṣe láǹfààní.

ẸJỌ́ TI ÀWỌN ỌMỌ WA

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ọ̀rọ̀ ilé. Mo ṣe ìṣirò póìntì wọn. 71 àti 69 jẹ́ 140, 140 sì jẹ́ 14 lọ́nà 10. Èyí fi hàn pé ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ péye, àti pé ìgbà kẹwàá tí wọ́n fẹ́ tún bọ́ọ̀lù tò ni ìjà dé. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n ti jọ tò ó láìsí ìjà. Ọmọ tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ burúkú.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà mo gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó ní 71 sọ pé ipò òun ni. Òótọ́ ló sọ. Kò sí ọ̀nà kankan nínú márààrún tí ipò fi lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ní 69 sọ pé gbogbo 15 ni kí wọ́n tún tò. Ó ṣeé ṣe kí òun náà sọ òótọ́. Bí funfun bá wà ní ìta àyè férémù, àṣẹ́kù ni kí a gbé lọ sí àmì òkè, gẹ́gẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́ ti wí. Bí funfun pẹ̀lú bá wà nínú rẹ̀, 15 ni kí a tò, gẹ́gẹ́ bí ẹni kejì ti wí.

Níbo wá ni bọ́ọ̀lù funfun wà? Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ márùn-ún tí wọ́n dúró ti tábìlì lọ́jọ́ náà. Ìdáhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo gbà. Àṣẹ́kù ni gbogbo ojú wà lára rẹ̀, kò sí ẹni tí ó wo funfun. Kò sì sí ìlà pẹ́ńsù lórí aṣọ. Nígbà tí ọwọ́ ti gbá gbogbo bọ́ọ̀lù kúrò, ẹ̀rí ti lọ. Ẹni kọ̀ọ̀kan di ìdajì òtítọ́ mú, ó sì ń fi ìdajì tirẹ̀ lu ẹnì kejì.

Ìdájọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi fọwọ́ sí nìyí. Kí wọ́n padà sórí tábìlì ní 71 sí 69. Kí ipò wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ní 71, nítorí pé ìyẹn dájú. Kí a tún gbogbo 15 tò, kí ó mú funfun lẹ́yìn ìlà òkè, nítorí pé ìyẹn ni ó le jù fún un nínú ohun méjì tí ó ṣeé ṣe, a kò sì lè fi ohun tí kò dájú ṣe é láǹfààní. Kí àwọn ìyá méjèèjì wá jókòó wò wọ́n títí eré yóò fi parí. Kí wọ́n jókòó sórí àga kan náà.

OHUN TÍ AYÒ TI KỌ́ WA TẸ́LẸ̀

Àwọn kan yóò sọ pé òfin òyìnbó ni èyí, kí ló kàn wá. Ẹ jẹ́ kí a wo ayò ọlọ́pọ́n. Ilé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ta ọ̀kan tán, a óò tún un tò ní mẹ́rin-mẹ́rin. Àwọn baba wa kò fi ibi tí ọmọ ayò yóò wà sílẹ̀ fún ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè jù.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì tún ní òfin mìíràn tí ó jọ ti àṣẹ́kù. Bí ilé alátakò rẹ bá ṣófo pátápátá, tí o sì ní ọ̀nà tí o fi lè ta ọmọ ayò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, o gbọ́dọ̀ ta á dé ibẹ̀ kí òun náà lè rí nǹkan ta. Kí eré má bàa kú ni. Ẹni tí ó bá mọ ayò, òye straight pool kò lè ṣòro fún un. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ ayò gbé ọpọ́n yín wá sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì náà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí yín bí ẹ ti ń jiyàn láìjà.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ẸGBẸ́ WA

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo rí kó nínú òfin yìí.

Ìkíní ni pé kí a wò kí a tó palẹ̀ mọ́. Ní ibi iṣẹ́ ìjọba, nígbà tí wọ́n bá gbé òṣìṣẹ́ kan lọ sí ibòmíràn, ó gbọ́dọ̀ kọ ohun gbogbo tí ó fi sílẹ̀ sínú ìwé: fáìlì mélòó, kọ́kọ́rọ́ mélòó, iṣẹ́ wo ló ti parí, èwo ló wà ní àárín. Ẹni tí ó ń wọlé yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò fọwọ́ sí i, kí ẹni àkọ́kọ́ tó jáde. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti lọ tán kí a tó béèrè, ọ̀rọ̀ náà ti di ti bọ́ọ̀lù funfun: ẹni márùn-ún, ìdáhùn mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí a máa ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú owó èésú wa, pẹ̀lú àga àti ìkòkò tí a fi ń ṣe ìnáwó, àti pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ ẹgbẹ́.

Ìkejì ni pé ìgbà tí kò sí ìjà ni kí a fa ìlà. Bí a bá dúró di ìgbà tí bọ́ọ̀lù ti jókòó kí a tó máa fa ìlà, ìlà tí yóò ṣe ẹni tiwa láǹfààní ni a óò fà. Òfin ẹgbẹ́ wa kò sọ ohun tí a óò ṣe bí ìbò bá dọ́gba fún ẹni méjì. Kò tíì ṣẹlẹ̀ rí, mo dúpẹ́. Ìsinsìnyí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ yìí gan-an ló yẹ kí a kọ ọ́.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ àṣẹ́kù fúnra rẹ̀. Lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta, gbogbo ìgbìmọ̀ aláṣẹ wa ló ń kúrò lẹ́ẹ̀kan náà: alága, akọ̀wé, akápò, gbogbo wọn. Àwọn tuntun á wá débẹ̀, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn jọ eré tí wọ́n ń gbá ṣáájú 1910, tí ẹ̀rù fi ń ba oníkálukú láti tú bọ́ọ̀lù ká. Bí a bá jẹ́ kí ẹnì kan nínú àwọn àtijọ́ ṣẹ́ kù fún ọdún kan péré, kì í ṣe láti jẹ olórí, bí kò ṣe láti jẹ́ ọ̀nà tí àwọn tuntun yóò gbà wọ inú iṣẹ́, ó dá mi lójú pé iṣẹ́ kò ní máa dúró fún oṣù mẹ́fà bí ó ti máa ń dúró. Ẹni náà yóò lọ nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá tán. Àṣẹ́kù kì í pẹ́ lórí tábìlì. Òun náà ni a kọ́kọ́ ń gbá wọlé.

ÀBÁ

Mo fi àwọn àbá wọ̀nyí síwájú ìpàdé:

1. Kí a má ta tábìlì náà. Kí a ká tapólì kúrò lórí rẹ̀ lónìí, kí àwọn ọmọ méjèèjì parí eré wọn.

2. Kí a fa ìlà férémù sórí aṣọ tábìlì, kí a sì fi àmì òkè, àmì àárín àti àmì ìsàlẹ̀ hàn dáadáa.

3. Kí a tẹ ọ̀nà márààrún tí mo kà sílẹ̀ yìí sórí ìwé ní Yorùbá, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i.

4. Kí ẹnì kan tí kò sí nínú eré máa kọ póìntì. Òun nìkan ni yóò máa fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù nígbà tí a bá ń tún un tò. Kí ó tó fọwọ́ kàn án, kí ó kọ́kọ́ sọ ibi tí àṣẹ́kù wà àti ibi tí funfun wà, sókè, kí gbogbo ènìyàn gbọ́.

5. Kí ẹnikẹ́ni má fi owó ta á. Ibi tí owó bá ti wọ eré, òfin kì í tó mọ́.

6. Kí àwọn ọmọbìnrin wa náà máa gbá a. Òfin kò sọ pé ọ̀pá náà wúwo jù fún wọn.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, a wá sí ìlú yìí wá ṣiṣẹ́, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é. Ọmọ tí a bí síhìn-ín pọ̀ ju èyí tí a gbé wá lọ. Bí àwọn ọmọ yìí kò bá rí ibi tí wọn yóò ti jọ ṣeré ní gbọ̀ngàn tiwa, wọn yóò rí ibòmíràn, a kò sì ní mọ ẹni tí yóò máa bá wọn tún bọ́ọ̀lù tò níbẹ̀. Tábìlì kan kò ju igi àti aṣọ lọ. Ohun tí a ń gbà là ni àṣà kí ọmọ méjì lè yàtọ̀ sí ara wọn lórí ọ̀rọ̀ kan, kí wọ́n wo ìwé lára ògiri, kí wọ́n sì máa bá eré lọ.

  Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá méjèèjì, nítorí mo rí i pé wọ́n wà níjókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnì kan kò sì dìde jáde nínú wọn. Kí Olódùmarè fi ìrẹ́pọ̀ sáàrin wa, kí ó dá ẹ̀mí gbogbo wa sí.